Àjọwò àti Àjọdíwọ̀n: Ìtàn Fíìmù Wíwò ní Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí tọpinpin ìtàn bí àwọn Yorùbá ṣe ń kóra jọ wo ìran, pàápàá fíìmù, tí wọ́n sì ń fi ẹnu ara wọn díwọ̀n ohun tí wọ́n wò. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí agbo eré alárìnjó, ó gba ilé sinimá àti pálọ̀ kọjá, ó sì parí sí orí fóònù alágbèéká. Ohun tí iṣẹ́ náà fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìdájọ́ ẹgbẹ́ òǹwòran kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pa ìrọ̀lẹ́ lásán. Òun ni lámèyítọ́ tí ó ti wà fún eré Yorùbá kí lámèyítọ́ orí ìwé tó dé, òun sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ẹ̀rí tí ó kù nípa àwọn fíìmù tí kò rọrùn láti rí wò mọ́. Iṣẹ́ náà dábàá ọ̀nà tí olùkọ́ lè gbà lo ìdájọ́ yìí nínú kíláàsì, àti ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà kó o jọ kí ó tó parẹ́.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú kì í rí arẹwà kí ó má kí i. Òwe yìí fi hàn pé lójú àwọn Yorùbá, rírí ohun tí ó dára àti sísọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ kì í ya ara wọn. Bí ènìyàn méjì bá jọ wo ìran kan tí wọ́n sì dìde láìsọ nǹkan kan, yálà ìran náà kò dára ni, tàbí àárín àwọn méjèèjì kò gún. Ìdí nìyí tí fíìmù wíwò láàrin ọ̀rẹ́ fi máa ń ní apá méjì nílẹ̀ Yorùbá: wíwò fúnra rẹ̀ àti ẹjọ́ tí ó ń tẹ̀ lé e.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí eré Yorùbá. Adédèjì (1969) kọ nípa ìpìlẹ̀ eré alárìnjó, Jeyifo (1984) kọ nípa àwọn ẹgbẹ́ eré arìnrìn-àjò, Barber (2000) sì kọ nípa ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí àti bí eré ṣe ń tinú ìgbésí ayé jáde. Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí ó tẹ̀ lé ìwọ̀nyí, òṣèré, olùdarí àti kókó ọ̀rọ̀ ni wọ́n tẹjú mọ́. Àwọn tí ó jókòó síwájú eré, tí wọ́n ń sọ pé eléyìí dára, eléyìí kò dára, kì í sábà rí ààyè tí ó tó. Iṣẹ́ yìí gbé ojú sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìbéèrè tí ó wá ìdáhùn sí ni mẹ́ta: níbo ni àwọn Yorùbá ti ń jọ wo ìran láti ayébáyé títí di òní? Òṣùwọ̀n wo ni wọ́n ń lò? Kí ni àyípadà ibi ìjókòó ń ṣe sí ìdájọ́?

Agbo Eré: Ìdájọ́ Òǹwòran Kí Fíìmù Tó Dé

Agbo eré ti wà kí sinimá tó wọ ilẹ̀ Yorùbá. Adédèjì tọpasẹ̀ eré alárìnjó lọ sí ààfin Ọ̀yọ́ àti sí ìdílé Ológbojò, níbi tí eré náà ti yọ jáde láti inú egúngún. Àwọn apidán a máa lọ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n a júbà, wọ́n a jó, wọ́n a pa ìdán, wọ́n a sì fi ẹ̀fẹ̀ sín ìwà oríṣiríṣi ènìyàn jẹ. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí òǹwòran bá fi ta eléré lọ́rẹ ni eléré ń mú lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, owó àti ẹ̀bùn ni èsì ìdánwò tí agbo ń fún eléré lójú ẹsẹ̀.

Àkọsílẹ̀ kan fi ìwà àwọn òǹwòran yìí hàn kedere. Ní ọdún 1826, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, Hugh Clapperton, wo eré kan ní Ọ̀yọ́-Ilé. Ìpele mẹ́ta ni eré náà ní. Nínú ìpele kìíní, àwọn eléré wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń tàkìtì. Nínú ìpele kejì, wọ́n fi mímú erè hàn. Nínú ìpele kẹta, òyìnbó kan jáde, ó tín-ín-rín, òtútù ń mú un, ẹsẹ̀ òfìfo sì ń ni í lára. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn òǹwòran ń yíjú sí òun àti àwọn tí ó wà pẹ̀lú òun, wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí i bóyá ìṣesí òyìnbó náà bá a mu.

Ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó kún fún ìtumọ̀. Àwọn òǹwòran náà kò kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí. Wọ́n fẹ́ mọ bí àfarawé náà ṣe sún mọ́ ohun tí ó ń fara wé, wọ́n sì mọ ẹni tí ó tọ́ láti bi. Òṣùwọ̀n tí wọ́n lò ní ọdún náà lọ́hùn-ún ni àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ń wo fíìmù Yorùbá ṣì ń lò: ṣé ó jọ ọ́?

Nígbà tí ẹgbẹ́ eré ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀, agbára òǹwòran kò dínkù. Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó ní ọdún 1944, ó sì dá ẹgbẹ́ eré tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Láti ìgbà náà, owó tí ó ń wọlé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni ẹgbẹ́ bí i tirẹ̀ fi ń jẹun. Bí Jeyifo àti Barber ṣe ṣàlàyé, àwọn òṣèré kì í sábà há ọ̀rọ̀ sórí láti inú ìwé. Wọ́n ń fi etí sí ẹ̀rín àti ìkùnsínú òǹwòran, wọ́n sì ń tún eré ṣe bí wọ́n ṣe ń lọ. Gbólóhùn tí kò pa ènìyàn lẹ́rìn-ín ní ìlú kan lè má dé ìlú kejì. Ìjọba pàápàá mọ agbára àjọwò yìí: nígbà tí Ògúndé gbé Yorùbá Ronú jáde ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ ní agbègbè náà. Kì í ṣe eré nìkan ni ó ba ìjọba lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ tí ogunlọ́gọ̀ òǹwòran yóò máa sọ bí wọ́n bá ń padà sílé náà wà lára ohun tí ó bà á lẹ́rù.

Sinimá Ìjọba àti Ilé Sinimá

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán tí ó ń rìn han àwọn ará Èkó ní Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover. Lẹ́yìn èyí, ìjọba amúnisìn rí i pé sinimá lè ṣiṣẹ́ fún òun. Ní 1939 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka fíìmù fún àwọn ilẹ̀ amúnisìn sílẹ̀. Ọkọ̀ sinimá ń lọ sí ìlú àti ìletò, wọ́n a ta aṣọ funfun sí pápá, wọ́n a fi fíìmù nípa ogun, ìmọ́tótó àti iṣẹ́ àgbẹ̀ han gbogbo ará ìlú. Ògbufọ̀ a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, a máa ṣàlàyé lédè ìlú.

Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ́ mọ ohun tí àwọn òǹwòran rò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Peter Morton-Williams ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ará ìgbèríko Nàìjíríà, Yorùbá sì wà lára wọn, ṣe ń gba irú fíìmù ìlanilọ́yẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ pàtàkì wà láàrin ìwádìí ìjọba àti ẹjọ́ agbo. Ìjọba ń bèèrè bóyá ẹ̀kọ́ náà yé wọn. Agbo ń bèèrè bóyá ohun tí wọ́n wò yẹ ní wíwò. Òǹwòran lè gbọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀fọn tàbí kòkó yékéyéké, kí ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà pé ìran náà kò dùn.

Ní àwọn ìlú ńlá, ilé sinimá aládàáni gbilẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ọmọ Lẹ́bánónì wà lára àwọn tí ó ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìbàdàn ní Scala àti Odeon. Èkó àti àyíká rẹ̀ ní tiwọn, títí kan Pen Cinema ní Agége, tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn awakọ̀ àti èrò ọkọ̀ títí di òní. Fíìmù Íńdíà, ti kábọ́ì ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti ìjà àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ń fi hàn jù lọ. Ọ̀pọ̀ òǹwòran kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú wọn. Èyí gan-an ni ó mú kí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ wúlò. Ẹni tí ó ti wo fíìmù náà rí a máa ṣàlàyé fún àwọn yòókù, ẹni tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ a di ògbufọ̀.

Láti inú àjọwò yìí ni àwọn ọ̀dọ́ ti yá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe lámèyítọ́. Wọ́n pe akọni inú fíìmù ní ákítọ̀, wọ́n pe olórí àwọn ọ̀tá ní bọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi òfin kan lélẹ̀ pé ákítọ̀ kì í kú. Bí ákítọ̀ bá kú, fíìmù ti rú òfin, ẹjọ́ sì nìyẹn. Ẹni tí ó lóye lítíréṣọ̀ yóò rí i pé ìjíròrò nípa ìlànà ìtàn ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí olùkọ́ tí ó kọ́ wọn. Ẹni tí kò rówó wọlé kò pàdánù gbogbo rẹ̀. A máa gbọ́ fíìmù lẹ́nu ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ìró ìbọn, ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ ẹṣin. Bí asọ̀tàn bá sì mọ̀ ọ́n sọ, fíìmù ẹnu rẹ̀ lè dùn ju ti ojú aṣọ lọ.

Fíìmù Àwọn Ọ̀gá Eré, 1976 sí 1990

Nígbà tí Àjàní Ògún jáde ní 1976 lábẹ́ ìdarí Ọlá Balógun, pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan àti Dúró Ládipọ̀ nínú rẹ̀, òǹwòran Yorùbá gbọ́ èdè ara wọn lójú aṣọ sinimá. Fíìmù Ògúndé tẹ̀ lé e: Aiyé (1979), Jáyésinmi (1980), Àròpin-N-Tènìyàn (1982) àti Àyànmọ́ (1988). Mósè Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sálà, gbé Ọ̀run Móoru jáde ní 1982.

Owó gọbọi ni fíìmù wọ̀nyí ń ná ẹni tí ó bá ṣe é. Òkè-òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀, ẹ̀dà tí wọ́n ń rí mú bọ̀ kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, ọ̀gá eré a máa gbé fíìmù rẹ̀ kiri láti ìlú dé ìlú gẹ́gẹ́ bí ó ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀. Gbọ̀ngàn ìlú, ilé sinimá, gbọ̀ngàn ilé-ìwé àti Gbàgede Eré ìjọba àpapọ̀ ní Ìgànmú, tí wọ́n ṣí ní 1976, di ibi àjọwò. Àwọn ọ̀rẹ́ a dá owó jọ, wọ́n a jọ wọ ọkọ̀ lọ.

Nínú àwọn fíìmù Ògúndé, ọ̀rọ̀ àjẹ́, oògùn àti agbára àìrí ni ó gba iwájú. Àríyànjiyàn tí ó ń tẹ̀ lé irú ìran bẹ́ẹ̀ kì í pin bọ̀rọ̀. Àwọn kan a ní ọgbọ́n ẹ̀rọ ni, àwọn mìíràn a ní Ògúndé fúnra rẹ̀ kì í ṣe èèyàn lásán. Ìbéèrè àtijọ́ ni wọ́n tún ń bi ara wọn, ìyẹn ìbéèrè agbo apidán: ṣé ìdán ni, àbí òótọ́?

Ìtàn Ọ̀run Móoru kọ́ni ní ẹ̀kọ́ tí ó korò. Fíìmù náà dùn mọ́ àwọn òǹwòran. Ṣùgbọ́n àwọn olè jí ẹ̀dà rẹ̀, wọ́n ṣe é sórí fídíò, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú sì gba ìgboro kan kí ẹni tí ó ni ín tó rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè ńlá ni Bàbá Sálà bá jáde. Nínú pálọ̀ káàkiri ni àwọn ọ̀rẹ́ ti jókòó, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń yìn ín, tí wọ́n sì gbà pé fíìmù náà kò láfiwé. Láti ìgbà alárìnjó, ìyìn agbo kì í dé lọ́wọ́ òfo. Ó wá di pé ìdájọ́ òǹwòran yapa kúrò lára owó òǹwòran. Ìyapa yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìyípadà tí ó tóbi jù nínú ìtàn àjọwò, nítorí pé láti ìgbà náà ni fíìmù ti lè gba máàkì tí ó ga jù lẹ́nu àwọn tí ó ń wò ó, kí ẹni tí ó ṣe é sì wà nínú ìyà.

Fíìmù Àgbéléwò Nínú Pálọ̀

Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1986 mú kí iye náírà já wálẹ̀, kò sì rọrùn mọ́ láti ra fíìmù tàbí láti fọ̀ ọ́ ní òkè-òkun. Àwọn eléré yà sí fídíò. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Ẹkùn, tí Múyìdéén Àlàdé Aròmirẹ́ ṣe ní 1988, wà lára àwọn tí ó ṣí ọ̀nà náà. Ní àwọn ọdún 1990, fíìmù àgbéléwò ti gba òde. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn láti máa rìn lóru mọ́ nítorí àìsí ààbò, ọ̀pọ̀ ilé sinimá sì di ilé ìjọsìn tàbí ilé ìkẹ́rùsí.

Pálọ̀ wá di gbọ̀ngàn. Ẹni tí ó ní tẹlifíṣàn àti ẹ̀rọ fídíò ní àdúgbò ni olùgbàlejò. Àwọn ọ̀rẹ́ a pawọ́ pọ̀ yá kásẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ayánifídíò, wọ́n a sì wò ó kí àsìkò tí wọ́n gbọ́dọ̀ dá a padà tó pé. Àyípadà mẹ́ta ni ó hàn nínú ìdájọ́. Èkíní, àwọn adájọ́ pọ̀ sí i. Ìyá arúgbó tí kì í lọ sí sinimá, ìyàwó ilé, ọmọ iṣẹ́ àti ọmọdé jọ jókòó, olúkúlùkù sì ní ohun tí ó rí. Èkejì, ẹ̀rọ gba dídá dúró. Bí òṣèré bá pa òwe tí kò pé, tàbí tí ọba inú fíìmù bá ṣe ohun tí ọba kì í ṣe, ẹnì kan a ní kí wọ́n dá a padà sẹ́yìn kí wọ́n tún un wò. Ẹjọ́ kò dúró de òpin fíìmù mọ́. Ẹ̀kẹta, pípín tí wọ́n ń pín fíìmù sí apá kìíní àti apá kejì fún àwọn ọ̀rẹ́ láǹfààní láti sọ àsọtẹ́lẹ̀. Láàrin apá méjèèjì ni wọ́n ti ń jiyàn nípa ẹni tí yóò jèrè àti ẹni tí àṣírí rẹ̀ yóò tú.

Ó Le Kú, tí Túndé Kèlání darí ní 1997 láti inú ìwé ìtàn-àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá (1974), jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó yẹ ní títẹ̀ mọ́. Àjàní ń wá ìyàwó, àwọn ọmọbìnrin tí ó tó ìyàwó sì ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tí ó lè wo irú ìtàn yìí láìyan ẹni tí ó wù wọ́n. Ìdájọ́ náà kò sì mọ sí ẹnu nìkan. Ìró àti bùbá kékeré tí àwọn ọmọbìnrin inú fíìmù náà wọ̀ padà di àṣà, àwọn aránṣọ àti oníbàárà sì sọ aṣọ náà ní Ólekú. Bí àwùjọ bá fi orúkọ fíìmù pe aṣọ, kò sí máàkì tí ó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, Saworoidẹ jáde. Ìtàn ọba Lápitẹ́ tí ó kọ̀ láti ṣe ètùtù tí yóò so ó mọ́ ìlú Jogbo fún àwọn òǹwòran ní ọ̀nà láti sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí ó ń ṣàkóso wọn. Nínú irú fíìmù yìí, díwọ̀n fíìmù àti díwọ̀n ìjọba a máa wọnú ara wọn.

Òṣùwọ̀n Ẹgbẹ́ Òǹwòran

Bí ènìyàn bá fetí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tí ó ń díwọ̀n fíìmù Yorùbá, òṣùwọ̀n márùn-ún ni yóò máa gbọ́ léraléra.

(i) Jíjọ òótọ́: ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Bí wọ́n ṣe ń kí ọba, bí wọ́n ṣe ń ṣe ìdána, bí babaláwo ṣe ń dá Ifá. Ẹni tí ó wá láti irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ní agbo.

(ii) Èdè: ṣé Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán? Òwe tí a lò síbi tí ó yẹ a máa gba ìyìn. Èdè àmúlùmálà lẹ́nu ọba ayé àtijọ́ a máa gba ẹ̀gàn.

(iii) Ìtàn: ṣé ó ní orí, ṣé ó ní ìdí? Bí òun kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n a ní kò lórí, kò nídìí. Bí ó bá ń fà, wọ́n a ní wọ́n kàn ń wá apá kejì ni.

(iv) Ìṣeré: ṣé òṣèré náà wọ inú ẹ̀wù tí wọ́n fún un? Ẹni tí ó ṣe ìkà títí tí àwọn ènìyàn fi kórìíra rẹ̀ ti yege.

(v) Ẹ̀kọ́: kí ni wọ́n fẹ́ kí ó yé ènìyàn? Fíìmù tí ó dùn tí kò sì kọ́ni ní nǹkan kan a máa gba ìdajì ìyìn.

Ó yẹ kí a fi òṣùwọ̀n yìí wé ti ìjọba. Òfin 85 ti ọdún 1993 ni ó dá àjọ tí ó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò ní Nàìjíríà sílẹ̀. Àjọ náà ń fún fíìmù ní àmì bí i G, PG àti 18. Ọjọ́ orí ẹni tí ó lè wò ó ni àmì náà ń sọ. Kò sọ bí fíìmù náà ti níye lórí tó. Iṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òǹwòran.

Àléébù Tí Ó Wà Nínú Ìdájọ́ Ẹgbẹ́

Kò yẹ kí ìwádìí sọ àjọdíwọ̀n di ohun tí kò ní àbàwọ́n. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù lè gba ẹjọ́ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Nínú pálọ̀, bí bàbá ilé bá ti sọ tirẹ̀, àwọn ọmọ lè gbé tiwọn mì. Ìfẹ́ òṣèré kan tún lè mú kí àwọn ọ̀rẹ́ yin iṣẹ́ tí kò dára. Ní ìdàkejì, àwọn òǹwòran mìíràn kì í ya òṣèré sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀dá-ìtàn tí ó ṣe. Ẹni tí ó máa ń ṣe àjẹ́ tàbí ìyàwó burúkú nínú fíìmù lè gba èébú ní ọjà. Lójú kan, ẹ̀rí pé ó mọ eré ṣe ni. Lójú kejì, ó fi hàn pé òṣùwọ̀n ìwà ti bo òṣùwọ̀n iṣẹ́ ọnà mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé òṣùwọ̀n kọ̀ọ̀kan kalẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀.

Lórí Fóònù: Nọ́ńbà Tí Kò Ní Àlàyé

Láti 2004 ni irú ilé sinimá tuntun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nínú àwọn ilé ìtajà ńlá ní Èkó. Ní 2010, ìkànnì tẹlifíṣàn Africa Magic Yoruba bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni íńtánẹ́ẹ̀tì gba ipò. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan dé orí Netflix ní 2022, Jagun Jagun dé ní 2023, Lísàbí sì dé ní 2024. Ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Ìbàdàn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní London lè wo fíìmù kan náà lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí wọ́n sì jiyàn lé e lórí WhatsApp. Àjọwò kò tíì kú. Ibi ìjókòó ni ó tún yí padà.

Ohun tí ó yẹ kí ó kọ ènìyàn lóminú ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà díwọ̀n. Òǹwòran a tẹ ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, tàbí kí ó kọ mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, ó parí. Nọ́ńbà yá láti kà, ó sì rọrùn láti fi wé òmíràn. Ṣùgbọ́n kò sọ ìdí. Ẹnì kan lè fún fíìmù ní mẹ́jọ nítorí èdè rẹ̀, kí ẹlòmíràn fún un ní mẹ́jọ nítorí ìjà inú rẹ̀. Nọ́ńbà méjèèjì dọ́gba, ìdájọ́ méjèèjì kò sì jọra rárá. Ní agbo, ẹni tí ó bá ní fíìmù dára ni wọ́n á bi pé báwo. Ìbéèrè yìí ni ó ń sọ ìfẹ́ inú di lámèyítọ́, òun sì ni nọ́ńbà kò bèèrè.

Iṣẹ́ Tí Ó Wà Níwájú Olùkọ́

Iṣẹ́ kìíní wà nínú kíláàsì. Olùkọ́ lè pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n jọ wo fíìmù kan. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí olúkúlùkù kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n márààrún, kí ohùn tí ó ròkè má baà borí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jíròrò, kí ẹni tí ó bá kéré jù nínú ẹgbẹ́ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀. Ní ìparí, kí wọ́n tún máàkì kọ, kí ẹni tí èrò rẹ̀ yí padà sọ ọ̀rọ̀ tí ó yí i padà. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin máàkì àkọ́kọ́ àti èkejì ni ẹ̀kọ́ gan-an.

Iṣẹ́ kejì wà níta, kò sì ṣe é sún síwájú. Púpọ̀ nínú fíìmù tí wọ́n ṣe láàrin 1976 àti 1990 kò rọrùn láti rí wò lónìí. Ẹ̀dà wọn kò pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ fíìmù. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ohun tí ó kù ni ohun tí àwọn tí ó jọ wò ó rántí: ibi tí wọ́n jókòó, iye tí wọ́n san, ibi tí wọ́n ti pariwo, ẹjọ́ tí wọ́n dá nígbà tí wọ́n ń padà sílé. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ 20 ọdún nígbà tí Aiyé jáde ní 1979 ti kọjá 60 ọdún dáadáa báyìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá lọ bá irú àgbà bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, kò ní sí ẹni tí yóò bá mọ́.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní ìlànà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àṣẹ kí ó tó gba ohùn sílẹ̀. Kí ó bèèrè orúkọ fíìmù, ìlú, gbọ̀ngàn àti àwọn tí wọ́n jọ lọ. Kí ó fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan wé ti èkejì, nítorí pé ìrántí a máa fi kún, a sì máa yọ kúrò. Bí ọ̀rẹ́ méjì tí ó jọ lọ bá ṣì wà láàyè, kí ó jókò wọn pọ̀. Ohun tí ọ̀kan gbàgbé, èkejì lè rán an létí, àríyànjiyàn wọn tí ó ti sùn láti ọdún pípẹ́ sì lè jí lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ̀ fi hàn pé láti agbo Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826 títí dé orí fóònù, àwọn Yorùbá kò fi ìgbà kan jẹ́ òǹwòran tí ẹnu rẹ̀ dákẹ́. Ibi ìjókòó ń yí padà, ẹni tí ó láǹfààní láti sọ̀rọ̀ sì ń yí padà pẹ̀lú rẹ̀: pálọ̀ fi ohùn ìyá arúgbó kún un, ẹ̀rọ fídíò jẹ́ kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ kí fíìmù tó parí, kásẹ́ẹ̀tì ayédèrú sì ya ìyìn nípa kúrò lára èrè. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé ìdájọ́ tí ó níye lórí ni èyí tí ó ní ìdí. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ìràwọ̀ orí fóònù ní ààyè tirẹ̀, àmì àjọ ìjọba ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá tí ó bá jẹ́ kí ìbéèrè agbo dákẹ́ nínú kíláàsì rẹ̀ ti jẹ́ kí lámèyítọ́ àbáláyé kan bọ́ sọnù, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rí nípa fíìmù àwọn bàbá eré yóò máa bá àwọn àgbà tí ó wò wọ́n lọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.